Ẹsẹ̀ Ta Ni Àtẹ̀gùn Ọkọ̀ Wà Fún?

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọkọ tó kọ ìyàwó, kì í sì í ṣe ti ọmọ tí kò gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣí ìwé kọjá o, torí ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí ti fẹ́ tú àjọ ká, apá ẹnì kan sì ti yẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ìyá kan tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba, l'Ádó-Èkìtì, ló kọ̀wé. Ó ní ká má dárúkọ òun. Àwọn obìnrin mẹ́rin ló dá àjọ, tí wọ́n fi owó náà ra bọ́ọ̀sì Hiace àlòkù kan. Òun ni wọ́n fi ń lọ kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko lọ́nà Ìlawẹ̀ àti Ìgbárà-Odò, òun náà ni wọ́n fi ń lọ ra ìrẹsì n'Ígbẹ́mọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ti fi táyà ńlá àti sípíríǹgì gbé e sókè nítorí ọ̀nà oko. Ọkọ̀ wá ga bí ẹṣin. Ìyá wa ní:

"Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Níjọ́ kan tí òjò rọ̀, ó fẹ́ gun ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ló bá fi apá lélẹ̀, apá yẹ̀. Ó ti ní òun kò gun ọkọ̀ náà mọ́, pé ká dá owó òun padà. Dẹ́rẹ́bà wa ní ká ra páìpù tó ń dán gbinrin, ká fi sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Wẹ́dà tó wà nítòsí wa ní òun á jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ara ọkọ̀, pé kò ní gbà ju ìdajì ọjọ́ lọ. Àwa mẹ́ta tó kù kò fẹnu kò. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ká ṣe?"

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó, a sì bá ọ̀rẹ́ yín kẹ́dùn. Ìdáhùn mi kò gùn: ẹ má fi ojú yan àtẹ̀gùn. Orúnkún ìyá yẹn àti ọ̀nà oko yín ni kẹ́ ẹ fi yàn án. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Ẹ̀yin àgbà á rántí Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ l'Ékòó ní 1975. Ìjàpá ní àtẹ̀gùn pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, láàárín mọ́gáàdì iwájú àti tẹ̀yìn. Ẹni tó lò ó pẹ́ mọ̀ pé ibẹ̀ wà lára ibi tó ń tètè dípẹtà, torí ẹrẹ̀ táyà ló ń gbá a lójoojúmọ́. Bọ́lẹ̀kájà náà ń kọ́? Ẹ́ńjìnnì àti ṣáàsì Bedford ni tòyìnbó, àwọn káfíńtà wa ló fi pákó kan ilé lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á di pákó mú, á fa ara rẹ̀ gòkè. Láti ayé ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ yìí kò ju mẹ́ta lọ: ibi tí ẹsẹ̀ á tẹ̀, ibi tí ọwọ́ á dì mú, àti ohun tí ẹrẹ̀ òun òkúta á fi ojú rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúnkún bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú láìkó ẹrù sí i, torí bí ẹrù bá wà nínú rẹ̀, ó máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹ ní kí ìyá náà dúró ti ògiri, kó gbé ẹsẹ̀ sókè níwọ̀n tí kò ní ni ín lára. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n. N'Ílùú Ọba, òfin tí wọ́n ṣe ní 2000 lórí bọ́ọ̀sì akérò ńlá ní àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ga ju 250 mílímítà lọ sílẹ̀, ìyẹn bí ínǹsì 10. Àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara ni wọ́n rò mọ́ ọn. Bí àmì ìyá náà bá bọ́ sí ínǹsì 10 tàbí 12, ẹ má jiyàn, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní tirẹ̀ í sọ. Ilẹ̀ Èkìtì kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn àgbà ní ara òkìtì ni orúkọ náà ti wá. Ẹni tó bá ti rí òkè Ólósùnta n'Íkẹ́rẹ́ mọ̀ pé àpáta kò jìnnà lọ́dọ̀ wa. Lọ́nà oko, òkúta á yọrí, kùkùté á yọrí, àgbàrá á la kòtò sáàárín ọ̀nà. Bí táyà iwájú bá gun ibi tó ga, tó sì sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, ikùn ọkọ̀ láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn ló máa ń kàn án. Ibẹ̀ gan-an sì ni àtẹ̀gùn ń wà. Àtẹ̀gùn tó bá rẹlẹ̀ ju gbogbo irin abẹ́ ọkọ̀ lọ, òun ni òkúta á kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ na okùn láti ìsàlẹ̀ táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti ikùn ọkọ̀. Àlàfo yẹn lọkọ̀ yín fi ń kọjá lóko. Ẹ má jẹ́ kí àtẹ̀gùn jẹ ẹ́ tán.

Ẹ ti rí ibi tí ìjà wà? Orúnkún ní kó wálẹ̀, ọ̀nà ní kó lọ sókè. Páìpù dídán kò lè parí ìjà yìí, irin wẹ́dà kò lè parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ pín in sí méjì. Ẹ ṣe àtẹ̀gùn kúkúrú kan tó máa wà lára ọkọ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn èrò nìkan ni kó mọ, kó sún mọ́ ikùn ọkọ̀, kó má yọ síta púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí tó lágbára, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ so okùn mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá dúró, kọ̀ndọ́kítọ̀ á gbé e kalẹ̀. Bí èrò bá wọlé tán, á fà á wọlé. Òkúta kò lè rí àpótí gbá, torí inú ọkọ̀ ló wà nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn.

Ẹ má sì gbàgbé ọwọ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ọwọ́ ló fi ń gun ọkọ̀, ẹsẹ̀ kàn ń tẹ̀lé e ni. Ẹ ní kí wọ́n fi irin ìdìmú sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí òpó ilẹ̀kùn ti nípọn, kó má dí ọ̀nà tí ilẹ̀kùn ń gbà rọ́. Ẹrù ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí èèyàn tó tẹ̀lé e. Ẹni tó gbé agbọ̀n dání, ọwọ́ wo ni yóò fi di irin mú?

Ibi tí wọ́n máa so ó mọ́ ló kàn. Ara bọ́ọ̀sì tí ẹ ń rí yẹn, páànù ni. Egungun rẹ̀ wà nísàlẹ̀, irin tó nípọn tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, òun làwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàsì. Bí wẹ́dà bá jó àtẹ̀gùn mọ́ páànù, ó lè dúró fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa fa páànù náà, títí yóò fi ya. Ibi tí iná ti jó ọ̀dà kúrò á sì dípẹtà láti inú wá. Bí òkúta bá gbá a, á wọ́ ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn lè má rọ́ mọ́. Bóòtù ni kí wọ́n fi dè é mọ́ ṣáàsì. Ohun tí a fi bóòtù dè, bó bá wọ́, a ó tú u, a ó tọ́ ọ, a ó dá a padà.

Àwọn òyìnbó kan wà tó ń sọ bọ́ọ̀sì di ilé, bẹ́ẹ̀dì àti ìdáná á wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì wà á gba aṣálẹ̀ àti orí àpáta. Ohun tí ẹ bi mí yìí làwọn náà ń bi ara wọn. Nǹkan méjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀: àtẹ̀gùn ẹsẹ̀, tó ń gba ìwúwo èèyàn, àti irin ìdáàbòbò ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n dè mọ́ ṣáàsì, tó lè gba ìwúwo ọkọ̀ bó bá jókòó lórí òkúta. Lójú, àwọn méjèèjì jọra. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó páìpù dídán, ẹ béèrè pé èwo nínú méjèèjì ni.

Ní ti irin fúnra rẹ̀, sílípáàsì tó tutù lórí páìpù dídán, bí ẹja tútù lọ́wọ́ ló rí. Irin pẹlẹbẹ tó ní wúruwùru lójú sàn jù ú lọ. Èyí tó ní ihò lára ló dára jù lọ́nà ẹlẹ́rẹ̀, torí ẹrẹ̀ á gba ihò bọ́ sílẹ̀. Alumí fúyẹ́, ìwúwo rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló lè jó o. Irin lásán tó fún yín. Kí wọ́n fi ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà kùn ún dáadáa kí wọ́n tó fi dúdú lé e.

Inú ṣọ́ọ̀bù ni kí wẹ́dà ti jó àtẹ̀gùn náà parí, kó wá fi bóòtù dè é. Páìpù epo àti ti bíréèkì ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Kó wò ó dáadáa kó tó lu ihò kankan. Bí kò bá sì sí ọ̀nà míì ju kó tan iná lára ọkọ̀ lọ, kó kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì.

Ẹ má ra ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Apá ọ̀tún, létí títì, lèrò gbọ́dọ̀ máa bọ́ sí, ibẹ̀ ni kí àtẹ̀gùn wà. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún Ìlú Ọba, tí ilẹ̀kùn èrò wà lápá òsì, èrò á máa bọ́ sáàárín títì nìyẹn, kò sì sí àtẹ̀gùn tó lè wo ìyẹn sàn.

Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù fún wẹ́dà, kí ọkùnrin méjì tó tóbi dúró lórí rẹ̀ pọ̀, létí rẹ̀ níta. Bó bá mì, kó tún un ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì lọ́nà oko, ẹ tún fún bóòtù le. Kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún kọ̀ndọ́kítọ̀ pé àtẹ̀gùn kì í ṣe ibi ìdúró nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré.

Ìyá wa, irin ìdìmú àti àpótí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kí àtẹ̀gùn abẹ́ ilẹ̀kùn tẹ̀lé e. Kí dídán dúró ná. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Ẹ má tíì ka owó fún un. Bí apá rẹ̀ bá ti san, ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n á fi wọn àtẹ̀gùn náà. Bí òun bá lè gun ọkọ̀ láìsí ẹni tó tì í lẹ́yìn, gbogbo yín á gùn ún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin wẹ́dà àti káfíńtà tó ń kà wá, bí ẹ bá ní ọgbọ́n tó ju èyí lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.