Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa ní Ìṣọ́wóná

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, èwo ni ó ń kọ́ wọn bí a ti í ṣọ́ owó ilé ná?

Ní ọdún 2016, ètò MMM ṣe ìlérí èrè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù fún àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó olówó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀. Púrúǹtù nìkan kọ́ ni ó kó sí pàkúté wọ̀nyí. Àwọn tí ó kàwé gboyè wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bẹ́ẹ̀ ìṣirò èlé kò ṣàì sí nínú ìwé wọn. Ìdánwò ni a fi í ṣe, a kò fi í gbé ayé. Kí olùkọ́ kọ ọ́ sí ojú pátákó pé: bí ₦10,000 bá ń bí ìdá 30 lóṣooṣù, tí a kò sì fọwọ́ kàn án, yóò lé ní ₦232,000 kí ọdún tó yípo. Kí ó wá béèrè pé: òwò wo ni ẹ mọ̀ ní ọjà tí ń pa irú èrè yìí? Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ṣírò káàdì alájọ: ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 jẹ́ ₦15,000, alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan, ₦14,500 ni yóò kù. Alájọ kò ṣèlérí èrè kankan, ó sì sọ owó iṣẹ́ rẹ̀ ní gbangba.

Àwọn kan yóò wí pé kò yẹ kí ọmọdé mọ iye tí ó wà lápò bàbá rẹ̀. A kò ní kí bàbá tú àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lé ọmọ lọ́wọ́, kí ó kọ èyí tí ó wọlé, èyí tí ó jáde àti èyí tí ó kù sílẹ̀. Bí ó bá ṣìnà, owó ọbẹ̀ ni ó ṣòfò, kì í ṣe owó ilé tí yóò kọ́ lọ́la.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé yín tí ń bọ̀. Ẹ má ṣe dúró de ìjọba.