Ta ni yóò pe ẹja Adégbayì padà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń já ẹja agolo lé ìrẹsì lórí, ẹ tẹ́tí ná. Lóṣù Kejì, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Tri-Union Seafoods nílẹ̀ Amẹ́ríkà pariwo síta pé káwọn oníbàárà má jẹ àwọn ẹja tuna kan táwọn ti kó sọ́jà mọ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ti jẹ ẹ́ tó dùbúlẹ̀ àìsàn o. Ìdérí agolo náà, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ fà ṣí, ni kò dára tó. Wọ́n ní ó lè jò, kí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum sì ráyè ṣọṣẹ́ nínú ẹ̀. Májèlé kòkòrò yìí lè mú kí iṣan èèyàn kú, kó má lè mí mọ́. Ẹni tó bá ti ra ẹja náà, nọ́ńbà ara agolo ni yóò wò. Tó bá bá èyí tí wọ́n kà mu, kó dá a padà, kó gbowó ẹ̀.

Ẹ má pè é lọ́rọ̀ òyìnbó. Lóṣù Kẹrin, ọdún 1991, ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní fesikh gbé irú májèlé yìí wọ Cairo, ní Íjíbítì. Èèyàn 91 dèrò ọsibítù, 18 nínú wọn kò padà sílé.

Ní Adégbayì àti káàkiri agbègbè Ẹgbẹ́dá, ẹja yìnyín ló wọ́pọ̀ níkòkò: Titus, kòtè, pańla, ṣawá. Inú páálí ló ti ń wá, orúkọ iléeṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n dì í sì máa ń wà lára páálí. Àmọ́ bí ìyá ẹlẹ́ja bá ti da ẹja sínú báàfù, tó sọ páálí nù, orúkọ ti lọ nìyẹn. NAFDAC tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1993 lè kìlọ̀ títí ilẹ̀ ó fi mọ́, ẹja tí wọ́n ti gé sọ́nà mẹ́rin ò ní nọ́ńbà lára.

Ọ̀rọ̀ iná ọba tún wá dá kún un. Bí Titus bá yọ́, tó wà nínú ooru fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kòkòrò inú ẹ̀ á máa ṣe nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní histamine. Kí iná dé, kí ẹja tún dì gbagidi, histamine ò kúrò níbẹ̀. Sísè ò pa á, díndín ò pa á. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú ẹ̀ lè pọ́n, kí orí máa fọ́ ọ, kí ara máa yún un, kó sì máa bì. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe àwọn, wọn ò mọ̀ pé ẹja àná ni.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìyá ẹlẹ́ja pàdánù. Epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, ẹni tó bá sì da páálí mẹ́ta nù lè ti da gbogbo owó òwò ẹ̀ nù. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí wọ́n máa kó ìwọ̀n tí wọ́n lè tà tán kí ẹja tó yọ́, kí wọ́n sì tọ́jú ojú páálí tó ní orúkọ àti ọjọ́ títí ẹja ẹ̀ yóò fi tán. Kí oníbàárà náà má tijú àtibéèrè pé, "Ìyá, ìgbà wo lẹ já páálí yìí?"

Inú báàfù la ti lè pe ẹja padà. Bó bá ti wọkùn, dókítà ló kù.