Ọ̀RỌ̀ ILÉ: OJÚ KÚKÚRÚ ÀTI OJÚ GÍGÙN

Láìpẹ́ yìí ni ìyá kan ní Ojú-Ore, ní Ọ̀tà, fa ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mọ́kànlá wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà ń fi kúróṣé hun aṣọ ìnujú. Ojú 20 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó hun ún dé òkè, ó ku 13, aṣọ náà sì rí bí abẹ̀bẹ̀. Ìyá rẹ̀ wí pé, "Ẹ bá mi bá a wí. Owó òwú ni ó ń fi ṣòfò. Ọwọ́ rẹ̀ kò gba iṣẹ́." Ọmọ náà dorí kodò, omi sì dé ojú rẹ̀.

A yẹ iṣẹ́ náà wò, a sì rí i pé ọwọ́ ọmọ náà dára. Ohun kan ni a kò kọ́ ọ: kíka ojú ìhun. A tú gbogbo rẹ̀, a sì kọ́ ọ ní ìhun mìíràn tí ó rọrùn, tí ara rẹ̀ ní kókó wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Òun náà ni a kọ síhìn-ín fún yín.

Ẹ wá òwú gidi, kì í ṣe èyí tí a fi ọ̀rá ṣe, nítorí ti ọ̀rá kì í fa omi dáradára. Kí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ lè rí ojú ìhun. Ẹ ta ojóbó sí abẹ́rẹ́ oníwọ̀, kí ẹ sì fa òwú gba inú rẹ̀ nígbà 21, ẹ̀wọ̀n nìyẹn.

Ojú kúkúrú nìyí: ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ojú ẹ̀wọ̀n, ẹ fa òwú jáde, ojóbó méjì yóò sì wà lórí abẹ́rẹ́. Ẹ tún kọ́ òwú, kí ẹ fà á gba inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti ojú gígùn, ẹ fi òwú yí abẹ́rẹ́ ká kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Ojóbó mẹ́ta ni ẹ ó rí. Ẹ kọ́ òwú, ẹ fà á gba inú méjì. Ẹ tún kọ́ ọ, ẹ fà á gba inú méjì tí ó kù.

Ẹ fo ojú ẹ̀wọ̀n kan tí ó sún mọ́ abẹ́rẹ́. Nínú èkejì ẹ ṣe kúkúrú, nínú ẹ̀kẹta ẹ ṣe gígùn, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ojú 20 ni yóò jẹ́. Ẹ hun ẹ̀wọ̀n kan, ẹ yí iṣẹ́ padà. Láti ìgbà náà lọ, òfin kan ni: lórí gígùn ẹ ṣe kúkúrú, lórí kúkúrú ẹ ṣe gígùn. Kúkúrú a tẹ gígùn mọ́lẹ̀, gígùn a sì wú síta. Ibẹ̀ ni kókó náà ti ń wá. Gígùn ni ó gbọdọ̀ parí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ kúkúrú, ojú kan ti sọnù, ní etí aṣọ ni ó sì sábà máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ń lo ìwé òkèèrè, ẹ kíyè sí i: ojú kúkúrú yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní double crochet.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní iṣẹ́ eré. Nígbà ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Áyálándì ní 1845, léèsì kúróṣé ni ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọdé tà láti rí oúnjẹ jẹ. Ní Ọ̀tà wa yìí, tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kún inú rẹ̀, ẹ̀rọ lè hun súwẹ́tà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni kúróṣé títí di òní.

Aṣọ tí a fi àlùmọ́gàjí gé kò ṣeé dá padà. Ṣùgbọ́n nínú kúróṣé, ojóbó kan ṣoṣo ni ó wà láàyè ní òpin ìlà. Ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ fa òwú, àṣìṣe a sì tú. Òwú kò ṣòfò rárá. Ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ sí ọmọ ni kì í tètè tú.

Ìyá náà jókòó ti ọmọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń kà á. Ní ìlà kẹwàá, ojú 20 ni. Ìyá tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, ó sì wí pé, "Kò dín." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.