Oríkì Tí Wọ́n Gbọ́ bí Èébú

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ yóò máa lò báyìí, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn ọmọ tó fi èdè abínibí kẹ́kọ̀ọ́ ń kùnà nínú ìdánwò àṣekágbá. Ẹrù èdè ti padà sórí ilé àti ìlú. Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, sì ní ìtàn kan tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu.

Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣèwádìí nípa àwọn òrìṣà Yorùbá, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ògìyán tó tẹ Èjìgbò dó fẹ́ràn iyán púpọ̀, tí wọ́n fi ń pè é ní ẹni tó ń jẹ iyán. Babaláwo kan, Awoléjé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fún un ní ìmọ̀ràn tí ìlú fi gbèrú, lẹ́yìn náà ó rìnrìn àjò. Nígbà tó padà dé, ó fi orúkọ ìnagijẹ yìí béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Èébú ni wọ́n gbọ́. Wọ́n nà án, wọ́n sì tì í mọ́lé. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Àgàn pọ̀ nílùú. Nígbà tí ọba wá mọ̀dí ọ̀rọ̀, tó sì bẹ̀bẹ̀, Awoléjé ní kí àwọn ará ìlú pín sí ọ̀nà méjì, kí wọ́n na ara wọn. Ìdí nìyí tí Ìsàlẹ̀ Òṣólò àti Òkè Màpó fi ń fi pàṣán kojú ara wọn lásìkò ọdún Ògìyán.

Yorùbá ni àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ń sọ. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́ ìtumọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè ṣe ń sọnù: kì í dédé parẹ́ lẹ́nu, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ.

Ewu yìí kò jìnnà sí Èjìgbò, Ọlá àti àwọn ìlú agbègbè wọn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń ṣòwò ní Àbíjáànù, tí owó sẹ́fà sì ń wọ ilé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ń bọ̀ wálé pẹ̀lú Faransé lẹ́nu. Faransé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọrọ̀ ni. Àbùkù ibẹ̀ ni kí ọmọ má lè dáhùn nígbà tí ìyá àgbà bá ń ki í.

Ní Bahia, ní Bùràsíìlì, wọ́n ṣì ń bọ Ògìyán, Oxaguiã ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi Yorùbá kọrin fún un. Àṣà ló gbé èdè la oko ẹrú já. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tó mọ orin náà kò lè fi Yorùbá tàkúrọ̀sọ. Ọdún ìbílẹ̀ nìkan kò tó.

Ilé ìwé náà kò gbọdọ̀ bọ́ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa darí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí ìjọba yẹ èyí wò kó tó dá èdè lẹ́bi ìwé tí kò sí àti olùkọ́ tí kò tó.

Kó tó di ìgbà náà, kí ọdún Ògìyán di kíláàsì. Kí àgbà sọ ìtàn Awoléjé fún ọmọ kó tó fún un ní pàṣán. Kí ìyá máa ki ọmọ nídìí odó iyán. Kí àwọn ẹbí máa gba oríkì orílẹ̀ sórí fóònù ránṣẹ́ sí Àbíjáànù. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lè gbọ́ ìtàn ìlú wọn láìbọ òrìṣà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.