Bí epo bá wọ́n, orí ènìyàn lẹrù ń padà sí: Ẹ̀kọ́ ìtàn láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin, owó ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ráhùn lé lórí jù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 500 náírà káàkiri. Nígbà tí yóò sì fi di oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ti owó ọkọ̀ lọ; ọ̀rọ̀ òógùn ojú ni. Ìtàn ọrọ̀ ajé wa fi hàn pé níbi tí agbára mìíràn kò bá ti sí, ara ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń sọ di ẹ̀rọ, ẹni tó sì ru ẹrù kọ́ ló máa ń jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wò. Ọ̀yọ́ Ilé lókìkí nípa ẹṣin, ṣùgbọ́n ogun ni wọ́n ń fi ẹṣin jà. Bí ènìyàn bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ wọ inú igbó, eṣinṣin kan wà níbẹ̀ tó ń kó àìsàn ran ẹṣin àti màlúù. Nítorí náà, orí ènìyàn ni ọkọ̀, apá ènìyàn ni ẹ̀rọ. Àáró àti ọ̀wẹ̀ wà fún àwọn ẹlẹgbẹ́. Ẹrú wà fún ọlọ́rọ̀ àti jagunjagun. Ìwọ̀fà wà fún ẹni tó lówó láti yá ni. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé lásán ni. Gbèsè tó jẹ kò fi kọ́bọ̀ dín. Ẹ ò rí i pé agbára apá gan-an ni owó nígbà náà?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú lọ́dún 1807, lásìkò tí èédú ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀rọ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ẹ̀rọ náà ń fẹ́ ohun tí yóò máa mú irin wọn yọ̀, wọ́n sì ń ra epo pupa lọ́wọ́ wa. Ta ló ń ṣe epo náà? Àwọn obìnrin tó ń se ẹyìn, tó ń gún un, àti àwọn aláàárù tó ń rù ú lọ sí etí òkun, tí ẹrú pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀rọ tó ń jẹ èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi kún ẹrù orí ní ilẹ̀ Yorùbá.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá sí òkè Ọya. Kò ya Ọ̀yọ́, kò ya Ògbómọ̀ṣọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là ní 1906, wà lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọkọ́ àti àdá ni wọ́n fi ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àwọn ọba àti ìjòyè ni ìjọba amúnisìn sì ń rán láti kó ènìyàn jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gba òkè Ọya àti Gold Coast lọ ṣòwò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rélùwéè nìkan ló lé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibi tí ọjà ń gbà ni olóúnjẹ ń tọ̀. Òfin tí ìjọba Ghana ṣe nípa àwọn àjèjì ní oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ló dá púpọ̀ nínú wọn padà sílé.

Wàyí o, ẹ wo iṣẹ́ gàrí. Láyé àtijọ́, ara páànù tí wọ́n dá ihò sí ni àwọn ìyá wa ti ń fọwọ́ rin gbágùúdá, tí yóò máa họ wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń mu epo ló gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Bíbó, kíkù àti yíyan ṣì kù sọ́wọ́ obìnrin, igi ìdáná ló sì wà nídìí agbada. Nígbà tí epo bá gbówó lórí, ẹlẹ́rọ á fi kún owó tirẹ̀, ṣùgbọ́n aláró gàrí kò lè fi iye kan náà lé ọjà, nítorí ẹni tó fẹ́ rà á náà ò lówó. Yálà kí èrè rẹ̀ wọlé epo, tàbí kí ó padà sídìí páànù, kí ó sì dá ọmọ dúró nílé láti ràn án lọ́wọ́. Àáró tí kò sí mọ́, ọmọ ilé ìwé ló ń dí i.

Àwọn tó fara mọ́ ìgbésẹ̀ ìjọba ní àwíjàre. Wọ́n ní owó ìrànwọ́ ń jẹ ìṣúná ìlú run, àwọn onífàyàwọ́ ló sì ń jẹ èrè rẹ̀. A kò bá wọn jiyàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bá gba epo kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi agbára mìíràn rọ́pò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, obìnrin àti ọmọdé ni yóò di ẹ̀rọ.

Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti pèsè iná, kí ó sì pín in. Oòrùn kò wọ́n lọ́dọ̀ wa. Yunifásítì LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1990, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi àwọn ibi tí wọ́n ti ń rin gbágùúdá ṣáájú àwọn ilé ọlọ́lá nígbà tí wọ́n bá ń pín iná náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí àwọn tó ń ru ẹrù yìí sì ti wọ́ tipẹ́.