Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ọmọbìnrin yín: ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún 12, wá bá yín pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ òun jáde, pé ojú ara ń yún òun. Kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu yín? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, "Ta lo bá sùn?" ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìbéèrè yẹn tì ná.

Àwọn àgbà wa ní orúkọ fún ọ̀kan lára ohun tó lè fà á: àtọ̀sí ajá. Orúkọ yẹn gan-an ló ń kó ìtìjú bá ọmọ aláìmọwọ́mẹsẹ̀, torí ó jọ àtọ̀sí tí wọ́n ń kó nípa ìbálòpọ̀. Ajá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ìbálòpọ̀ kò sì sí níbẹ̀. Inú omi ló ti ń wá. Bí ẹni tó ní in bá tọ̀ sódò, ẹyin aràn á pa níbẹ̀, èyí tó jáde nínú ẹyin á wọ inú ìgbín kékeré kan tó ń gbé inú omi, á pọ̀ sí i, á sì tún bọ́ sómi. Ọmọ tó wá pọnmi tàbí fọṣọ ló máa gba awọ ara rẹ̀ wọlé. Aràn náà á lọ máa gbé nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká. Ẹyin rẹ̀ á há sí àpò ìtọ̀, sí ojú ara, àní sí ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ pàápàá.

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí ti pọ̀ jù lágbàáyé. Ní Gánà, lẹ́yìn tí wọ́n parí ìsédò Akosombo lọ́dún 1965, ṣe ló gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbé etí adágún Volta.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni àtọ̀sí ajá o. Ó lè jẹ́ nǹkan oṣù àkọ́kọ́. Ìyún lè wá láti ara ọṣẹ olóòórùn dídùn tí ẹ fi ń wẹ̀ ẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ti fọwọ́ kan ọmọ náà lọ́nà tí kò tọ́, ọmọ tí wọ́n sì ti kọ́kọ́ pariwo mọ́ kò ní lè sọ ọ́. Ojú lásán kò lè ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àpòpọ̀ kápúsù "tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n" tí àwọn olóògùn ń dì fún gbogbo ẹni tó bá ti ní ara ń yún òun. Kì í pa aràn yìí.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ fúnra yín pé ọmọ náà máa ń wọ odò. Wọ́n lè má bi yín. Ìtọ̀ tí wọ́n gbà láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ló dáa jù, torí ìgbà yẹn ni ẹyin máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Kí èyí tó kán gbẹ̀yìn sì wọ inú ike. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, bí ọmọ bá ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí wọn kò bá rí ẹyin, tí àmì náà kò sì lọ, ẹ padà lọ. Ó lè há sí ojú ara láì sí nínú ìtọ̀.

Ẹ̀yin ọkọ náà, ẹ gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ìyàwó yín ń rí lẹ́yìn ìbálòpọ̀ lè jẹ́ ohun tó kó lódò nígbà èwe, kí ẹ tó mọ̀ ọ́n rárá. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílé. Àtọ̀sí ajá tí wọn ò tọ́jú lè dí obìnrin lọ́wọ́ láti bímọ.

Àwọn àbúrò ọmọ yẹn tí wọ́n jọ ń lọ sódò, ẹ mú wọn dání lọ́jọ́ àyẹ̀wò.