Ẹnu-Ọ̀nà Iwájú Ni Kí Òfin Gbà Wọlé

Bí a bá dárúkọ ìgbà Ọbabìnrin Victoria, tí ó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1837 títí di 1901, tí ìjọba rẹ̀ sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, ọlá àti agbára ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí aṣọ ọlá náà bò mọ́lẹ̀, a gbà á níyànjú pé kí ó ka ọ̀wọ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Anne Perry bẹ̀rẹ̀ ní 1979 pẹ̀lú ìwé The Cater Street Hangman.

Lọ́ńdọ̀nù ní 1881 ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ń fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin lọ́rùn pa ní àdúgbò àwọn ọlọ́lá. Thomas Pitt, ọlọ́pàá tí ó ń wádìí ọ̀ràn náà, jẹ́ ọmọ olùṣọ́ ẹran igbó lórí ilẹ̀ olówó kan. Láyé ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé ni a retí pé kí ọlọ́pàá gbà wọ ilé ọlọ́lá, bí àwọn tí ń gbé ọjà wá. Pitt kọ̀, ẹnu-ọ̀nà iwájú ni ó ń kàn. Ìbéèrè rẹ̀ a sì máa dun àwọn onílé ju ikú ẹni tí a pa lọ. Wọn a bo àṣírí nítorí orúkọ ilé, apànìyàn a sì rí ibi sá sí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn aṣáájú ẹgbẹ́ kejì, a ó pàtẹ́wọ́. Bí ó bá kan ilẹ̀kùn aṣáájú tiwa, a ó ní ọ̀tá ni ó rán an. A ó tún pa á lówe pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe òwe ilé-ẹjọ́. Bí ẹni wa kò bá jẹ̀bi, ìwádìí gbangba ni yóò wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ìtàn wọ̀nyí fún àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà tó. Bí wọ́n bá ti mọ ẹni tí ó pànìyàn, ẹ tún bi wọ́n léèrè pé: ta ni ó mọ̀ tí ó sì dákẹ́? Ọ̀daràn lè jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn tí ó bá a bò ó mọ́lẹ̀ ni wọ́n pọ̀. Kí a má ṣe sí nínú wọn.